Omi Tó Mọ́ Gaara

Oorun ni mo fẹ́ sùn dé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì ṣe ń dúró de èrò ní Èrúwà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá aláró kan àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ike omi méjì lé ẹsẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ wò ó, mà. Omi ìdọ̀tí aró yín ni méjèèjì. Èyí tó dúdú, bí mo ṣe bù ú lọ́dọ̀ yín náà ló wà. Èyí tó mọ́ gaara yìí, kòkòrò àìfojúrí ni mo dà sí i. Àwọn ló jẹ aró inú rẹ̀."

"Kòkòrò jẹ aró òyìnbó! Alihamudulilai! A ti lè mu ún nìyẹn?"

"Rárá o, mà! Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì jẹ. Ohun tó ṣẹ́kù lè burú ju aró náà lọ. Ó ku kòkòrò mìíràn tó máa jẹ ìyẹn."

Ìyá náà gba ike tó mọ́, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó títí.

"Odò tí mò ń da aró sí, àwọn ọmọọmọ mi kì í mu ún. N kò kìlọ̀ fún wọn rí. Dúdú tó dúdú ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń sá fún un. Kí ni wọ́n máa rí lára èyí?"

"A ò ní í dà á sódò, mà, àfi tí iṣẹ́ bá parí."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kó o tó gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, jọ̀wọ́, bá mi bu aró díẹ̀ padà sí i."