Dánìkàntukọ̀ Kò Délé

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin ará ilé Bísíríyù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Kí a tó ṣe fìdáù Ìbráhìm, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí n kò lè gbé mì mọ́. Gbogbo yín ń bi ara yín léèrè ìdí tí àdúà ẹni tí omi gbé lọ láti ìjọsí fi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ òní. Ẹ ní Bàbá ló ń ṣe agídí. Bàbá kọ́, èmi ni. Èmi Láńre, ọkọ Hasanat, tí ẹ ń pè ní àna rere, èmi ni mo fi irọ́ dí ọ̀nà mọ́ òkú àti alààyè. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá tọrọ Hasanat, Bàbá kò kà mí sí. Ará Ìkòròdú ni mí, ọ́fíìsì ni mò ń jí lọ ní Èkó, ọ̀sà sì ń já mi láyà débi pé bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó mi ni mo máa ń dì mú. Kí ni apẹja bíi Bàbá fẹ́ fi irú mi ṣe? Ìwé ló bá mi tún un ṣe. Ọkùnrin kan máa ń pàtẹ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nínú ọjà rẹ̀ ni ìwé àwọn òyìnbó tó fi ọkọ̀ kékeré onígbòkun la òkun já, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀, kò sí ẹ̀rọ, kò sí alábàárò. Èmi tí ń sá fún omi! Orí àga ni mo ti ń la òkun tèmi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń ka ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, Bàbá béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe wọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ń kà fún un ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, Bàbá á máa bá òyìnbó inú ìwé jà: "Sọ fún un kó ká ìgbòkun yẹn! Ṣé kò rí bí ojú ọ̀run ṣe dúdú ni?" Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti tẹ ìwé náà tán, kò lè gbọ́." Ó ní, "Ṣáà sọ fún un." Mo sì máa ń sọ fún un. Orí ẹja òbòkún tí kì í fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, èmi ló wá ń fi í pamọ́ dè. Ẹ ò mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Òyìnbó kan wà tí Bàbá fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ó sọ ọ́ ní Dánìkàntukọ̀. A ti bá a dé àárín òkun, ìjì ti mú un, nígbà tí Ìbráhìm ọmọ Bàbá gbéra lọ pẹja lójú òkun tí kò padà. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Bàbá kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Láńre, ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó délé?" Ó délé kẹ̀? Mo ti ka ìwé náà tán nílé. Àbúrò ọkùnrin náà ló kọ abala ìparí: ọkọ̀ ni wọ́n rí, wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n Bàbá tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú Bàbá, kí lẹ bá sọ? Mo ní, "Ó délé, Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ tajú kán rí i ní èbúté." Bàbá sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Hasanat gbé oúnjẹ wá. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, bóyá Ọlọ́run ì bá fojú fò ó. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ṣe sàráà. Ẹ jẹ nínú àkàrà rẹ̀. Ẹ̀yin àlùfáà tẹ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé Dánìkàntukọ̀ padà dé, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Èmi náà ṣe àmín, mo sì gba àkàrà tèmi.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti ta gbòǹgbò. Nígbà tí ẹbí ní ó tó kí a ṣe fìdáù, Bàbá ní, "Fún ta ni? Dánìkàntukọ̀ náà pẹ́ kó tó dé." Mùsílímátù, ìyàwó Ìbráhìm, kò lọ́kọ, kò sì rí opó ṣe. Zàíd, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ ní Agbọ̀wà, fi ọ̀wọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Bàbá lé e, ó ní aya ọmọ òun ni. Mùsílímátù wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Òyìnbó yẹn, ṣé lóòótọ́ ló padà? Tí kò bá padà, màá lè bẹ Bàbá. Ẹ yá mi ní ìwé náà, tíṣà kan wà ládùúgbò wa tó máa bá mi kà á." Mo ní màá mú un wá. Ohun tí mo ṣe rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé mi, mo ya ewé abala ìparí kúrò níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ojú ibi tí ó ti ya má baà hàn. Mo gbé ìyókù fún un, mo ní, "Ìwé àlòkù ni, ó ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ já bọ́ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kà á kó tó já. Wàláhì, ó délé." Ó ní, "Ó dáa, Bùrọ̀dá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní tàn mí." Ó tún di ẹja gbígbẹ fún Hasanat, mo sì gbà á. Kí ni mò ń bẹ̀rù? Pé bí Bàbá bá mọ̀, màá padà di ará Ìkòròdú tí ń sá fún omi. Orí ẹja ni mo ta ọ̀dọ́bìnrin yìí fún.

Láìpẹ́ yìí ni mo yà ní Agbọ̀wà, mo bá Zàíd nídìí iṣẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Mùsílímátù ní kí n má dúró de òun mọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ búra. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, mo gbà." N kò lè jókòó sórí àga náà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ewé ìwé tí mo ya wá fún Bàbá, mo ka òtítọ́ fún un. Ó wá ní, "Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?" Irọ́ míràn ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Bàbá, ìwé náà kò sọ̀rọ̀ rẹ̀." Ó mi orí. Ó ní, "A ò ní ṣe bí ìwé. A máa sọ̀rọ̀ ìyàwó tiwa. Ká ṣe fìdáù ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa dìde sọ fún wọn ìdí tó fi pẹ́. Mi ò ní bá ọ gbé e." Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà: "Sátidé ṣì wà o." Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, Hasanat ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ àánú náà, irọ́ ni. Ẹlòmíràn ni yóò san án. Bàbá, ẹ forí jì mí. Mùsílímátù, mo rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àkàrà. Zàíd wà lẹ́yìn àwọn àlùfáà, èmi ni mo pè é wá, kí òun náà lè fetí ara rẹ̀ gbọ́. N kò ní sọ pé kí o fẹ́ ẹ tàbí kí o má fẹ́ ẹ. Ohun tí mo ti bá ọ pinnu tó. Àforíjì ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá sì tíì ti inú rẹ wá, jọ̀ọ́, má ṣe sọ ọ́ nítorí pé gbogbo ilé ń wò ọ́. Irọ́ tí a fi ń tu èèyàn nínú ti tó nínú ilé yìí.