Ohun Tó Ń Ba Tóyìn Lẹ́rù

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbọ́n jù mí lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò tíì yé èmi gan-an tán títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń darí àwọn tó ń bá àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣẹ́yún sọ̀rọ̀ ní Ìkòsí níbí. Pásítọ̀ ní kí Sister Bísọ́lá wá fún wa ní tréníìnì. Magodo ni Sister ń gbé, sàíkọ́lọ́jì ló kà ní yunifásítì. Ó ní àwọn tó ń ṣèwádìí ọkàn èèyàn ti rí i pé ọmọbìnrin tí oyún òjijì dé bá, lójú tiẹ̀, ayé òun gan-an ló ń parí lọ yẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ inú kì í wọ̀ ọ́ létí títí ẹnì kan á fi bá a sọ̀rọ̀ ayé tiẹ̀. Ó ní ká gbé àwọn fọ́tò oyún ṣíṣẹ́ tó ń dẹ́rù bani sílẹ̀, ká má sì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni oyún.

Orí mi dàrú. Ta ni kì í béèrè ẹni tó ni oyún? Tí a ò bá sọ ti ẹ̀ṣẹ̀, tí a ò sọ ti ọmọ, kí la wá fẹ́ sọ? Òjò tó rọ̀ lánàá? Inú bí mi délé.

Kò pẹ́ ni wọ́n mú Tóyìn wá bá mi. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Kétu. A gbàdúrà lé e lórí, a bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Oògùn tó fẹ́ fi ṣẹ́yún ti wà nínú báàgì rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ ti tán. Mo ní jẹ́ n gbìyànjú ti Sister, bí kò tiẹ̀ yé mi.

"Tóyìn, kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù jù?"

Ó bú sẹ́kún. "Mummy, fìrídọ̀mù mi ni. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí. Tí ọ̀gá mi bá mọ̀ pé mo lóyún, wọ́n á lé mi. Kí ni màá gbé lọ bá ìyá mi?"

A ti gbààwẹ̀, a ti bá ẹ̀mí àìrí jà, àṣé ọ̀gá télọ̀ kan ni! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún.

Èmi àti Sister lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá Tóyìn. Ó kọ̀, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ yòókù á fi ṣe àwòkọ́ṣe. A tún padà lọ, mo ń gbàdúrà nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé ibẹ̀. Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ ọ lọ́kàn, ó ní kí Tóyìn jókòó parí iṣẹ́ ẹ̀.

Nígbà tí a sọ fún Tóyìn, ó da oògùn yẹn sí ṣáláńgá. Mi ò tíì sọ nǹkan kan nípa ọmọ o. Òun fúnra ẹ̀ ló wojú mi, ó ní, "Mummy, ṣé ó ti lè máa gbọ́ ohùn mi?"

Tòun toyún ló ṣe fìrídọ̀mù, nínú aṣọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán. Òun ló ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Ṣé àdúrà ló ṣe é ni, àbí ìwé tí Sister kà? Ẹ má bi mí, mi ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kan náà ni mo kó gbogbo ògo lọ. Ẹ bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe hálelúyà yín. Ọmọ náà ló wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ níwájú níbí yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.