Òwú Tí Mo Sẹ́ ní Báltímọ̀

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má tíì kọrin. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, irọ́ tó wà nínú mi kò sì gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Wes Dize, jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Gbogbo yín mọ ilẹ̀kùn tí Wes ṣe sára ìgèrè akàn. Bí ìgèrè bá sọnù, omi iyọ̀ á jẹ ìdè rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, akàn á jáde dípò kó kú síbẹ̀ lásán. Ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀, lórí “ilẹ̀kùn tí a fi ìdè tí omi iyọ̀ ń jẹ dè.” Wáyà irin ló wà nínú àwòrán ìwé náà. Ilé iṣẹ́ kan jí ọgbọ́n yìí, wọ́n fi òwú dè é, wọ́n ní àwọn ò jalè. Wes pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Báltímọ̀.

Adájọ́ ní, “Ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹ̀tọ́ ni ọgbà tó yí oko ká. Àpẹẹrẹ lásán ni àwòrán, n ò ní torí rẹ̀ sún ọgbà olóko sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ẹnu àwọn tó ń pa akàn ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.”

Wes kò mú ẹlẹ́rìí wá. Ohun tí gbogbo èbúté mọ̀, ta ló ń wá ẹlẹ́rìí sí i? Èmi ni ilé iṣẹ́ náà mú wá.

Lọ́yà wọn bi mí pé, “Ọ̀gbẹ́ni Tull, ìdè wo nìyẹn lójú ẹ̀yin apẹja?”

“Wáyà irin ni, sà.”

“Òwú ńkọ́?”

“Òwú kẹ̀? Ta ló máa fi òwú dè é?”

Òpùrọ́ ni mí! Òwú ló wà lára gbogbo ìgèrè mi, bó ṣe wà lára tiyín. Wes gan-an ló bá mi so wọ́n lọ́sẹ̀ ẹjọ́ yẹn, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Elwood, ẹ ń so ó bí ẹni ń so bàtà ọmọ ọwọ́!” Mo wo ojú rẹ̀ nílé ẹjọ́, mo sì búra. Wes jẹ̀bi ẹjọ́ náà, ó ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ láti san owó ẹjọ́.

Nígbà tí ẹ fẹ́ lé mi ní èbúté nítorí irọ́ yẹn, òun ló ní, “Ẹ fi bàbá sílẹ̀, ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló bà wọ́n.” Láti ìgbà tí mo ti ń ṣàìsàn, òun ló ń gbé ọbẹ̀ akàn wá fún mi.

Ẹ̀rù wo? Ẹ̀rù kankan ò bà mí! Ìlara ni. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ta mí yọ, inú mi ń ru. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ ni mo ṣe ìkà yẹn. Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́ o!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí iṣẹ́ yín mọ̀, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu yín yẹn.

Wes, dárí jì mí bí o bá lè. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bínú sí mi ná. Má gbé ọbẹ̀ wá lọ́la.