Àdúrà Tí Ìyá Difẹ́ńdà Gbà

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Akotogbo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní gáréèjì Òkìtìpupa, bí a ti ń retí kí èrò kún: ìyá kan tó wọ sùtánà funfun ló ń bá ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, kí ó máa dènà."

"Difẹ́ńdà nìyẹn, Màmá. Ẹ kú oríire."

"Oríire kẹ̀? Bí a bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nìkan ni wọ́n ń pariwo. Ó dùn mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a tan àbẹ́là, a gbààwẹ̀, a ní kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ ọmọ mi."

Ọkùnrin náà mi orí. "Háà, Màmá! Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, bí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń dára yẹn."

"Ta ló sọ fún mi? Kò pẹ́ sígbà náà ló ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an. Wọ́n pe orúkọ náà títí, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò fi í sórí pápá mọ́, kì í sì í gbé fóònù mi."

"Ìjọ ńkọ́, Màmá? Ṣé wọ́n ti gbọ́?"

"Wọn kò tíì mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n tún gbé àdúrà kan náà dìde. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹnu tèmi kò là."