Orin Tí Mo Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Kí Dókítà Má Baà Mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún méjì, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Èmi Sàlímọ́tù, tí gbogbo ọjà èso Zuba ń pè ní Ìyá Olórin, èmi ni mo ṣekú pa ẹ̀gbọ́n mi Rísíkàt. Orin ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irọ́ ni mo fi parí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìyá kan náà ló bí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ní Zuba ló wá ń gbé. A jọ ń to ọsàn, a jọ ń kọrin, ayé wa dùn. Àfi bó ṣe di pé ó ń gbàgbé. Á kírun àárọ̀ tán, á tún dìde kí i, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Òpònú àgbà ni mí! Mùíbì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá láti Nyanya, ó ní ká gbé ìyá òun lọ sí ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn àgbà, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń jẹ ìrántí wọn.

Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ará Ìlọrin kan ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ-ọmọ mi, Hanifah. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ, wọ́n á wádìí ilé. Wèrè wà níbẹ̀? Wárápá ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, wèrè ni wọ́n máa pè é, wọ́n á sì yí ẹsẹ̀ padà.

Dókítà Jemimah, ọmọ Kàbà, ló gbà wá. "Màmá, ẹ gbọ́ o: ọsàn, àga, ẹṣin, odò, kọ́kọ́rọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, mo máa ní kẹ́ ẹ kà wọ́n fún mi." Nígbà tó bi í, ẹ̀gbọ́n mi wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ọmọ yìí, ọjà lo rán mi ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, dókítà ní ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ká tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mi ò lè fi ṣe orin. Ká tó délé, mo ti rí i:

Ọsàn ń bẹ lórí àga,
Ẹṣin ń mumi lódò,
Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ wa lọ o?

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ọ́ sí i létí. Ẹni tó ń gbàgbé orúkọ mi kò gbàgbé orin. Mo ń jó. Inú mi dùn, ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn sí ọgbọ́n burúkú tí mo dá!

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó rọra ń mi orí, ó kùn ún sínú, ó ka márààrún láìṣì kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í wọ inú ẹ̀rọ róbótó kan tó ń pariwo bí ẹni ń lu páànù. Dókítà fi àwòrán hàn mí. Ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ti sún kì bí ọsàn tó gbẹ nínú èèpo. "Ibí yìí ni ìrántí ń gbé," dókítà ní, "ó ti ń rún. Ṣùgbọ́n àwòrán ń sọ ọ̀tọ̀, ẹnu Màmá ń sọ ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Kí lẹ ń rí nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi." Mo wò ó lójú kòrókòró. "Kò sí nǹkan kan, dókítà. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mùíbì, tó ti ní òun máa gba ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìyá òun, fi ọkàn balẹ̀, ó padà sí Nyanya.

Ẹ dúró, èyí tó burú jù ń bọ̀. Ọjọ́ tí àwọn àna fẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n mi jí, ó ń fi orúkọ ìyá wa tó ti kú pè mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo mú un lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ títì, mo fi í sínú ọkọ̀ Nyanya. Awakọ̀ ní, "Kai, Ìyá, òun nìkan?" Mo ní ó mọ ibi tó ń sọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú lójú fèrèsé. "Ìyá mi, ṣé ẹ ò ní bá mi lọ ni?" Mo ní, "Mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Mo padà sílé lọ pa àwọn àna lẹ́rìn-ín.

Kò dé Nyanya. Ibi tó sọ̀ sí, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọjọ́ kẹfà la gbọ́ pé àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní Ushafa rí i lábẹ́ igi. Wọ́n kí i ní sànnu, wọ́n bi í lórúkọ, wọ́n bi í nílé. Orin mi ló ń kọ fún wọn. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú orin náà. Wọ́n fún un lómi, ṣùgbọ́n oòrùn ti pa á jù. Ó kú kí Mùíbì tó dé.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mùíbì, tí kò mọ̀ pé èmi ni mo fi ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀, ń pariwo mọ́ dókítà lórí fóònù: "Ẹ ní kò sóhun tó ṣe ìyá mi! Ẹ̀rọ òpùrọ́!" Dókítà ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Ẹ̀rọ kò purọ́ kankan. Òpùrọ́ jókòó ti Mùíbì, ó ń jẹ mọ́sà.

Oṣù tó kọjá, èmi náà wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Dókítà Jemimah fi tèmi hàn mí: ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tó ń ṣe àgbà yín, ẹ má torí orúkọ ilé purọ́. Hanifah, sọ ọ́ fún ọkọ rẹ. Mùíbì, bí o bá máa bú mi, wá bú mi lọ́sẹ̀ yìí. Bó o bá sì máa dárí jì mí, jọ̀ọ́, tètè wá, nígbà tí mo ṣì mọ ohun tí mo ṣe. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tó o bá dé, ẹ̀rín ni n ó máa rín sí ọ, n ó ní, ìwọ ọmọ dáadáa yìí, ta ló bí ọ?