Oríkì Ìyàwó Ọba Rọ́ṣíà

Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo jókòó sí nínú mọ́tò Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: ìyá àgbà kan àti obìnrin kan tó ń ka ìtàn kan lórí fóònù fún un.

"Jámánì ni ọba Rọ́ṣíà ti fẹ́ ìyàwó yìí wá, màmá. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà, wọ́n yí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ padà. Rọ́ṣíà yẹn náà ló kú sí."

"Ta ló wá mọ oríkì tí wọ́n á fi sunkún ẹ̀?"

"Wọn ò kọ ìyẹn."

"Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fẹ́ mi sí. 'Ìyàwó' ni wọ́n ń pè mí títí mo fi hewú. Ìyá mi ló máa ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, nídàájí, tó bá ń jí mi. Àtìgbà tó ti kú, n ò gbọ́ ọ mọ́."

"Àbẹ̀kẹ́! Ó mà dùn o, màmá."

"Jọ̀ọ́, tún pè é."