Iṣu Tí Ó Ṣáájú Lẹ́tà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi ké e: Ògo! Ògo fún Ọlọ́run tí kì í gbàgbé òṣìṣẹ́ rẹ̀!

Mo ń bá yín ké e, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: ara mi ṣì kú tipiri.

Gbogbo ìlú Òsì mọ̀ mí. Èmi Dáníẹ́lì tí mo fi síléètì kọ́ ara mi níwèé ni mo ń bá yín kọ lẹ́tà lẹ́bàá ọjà. Mo ń kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, àdúgbò rẹ̀, ọjọ́ ọjà, àti àwọn tó jókòó tì í. Ẹ̀dà kan a sì wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá arúgbó kan fi mí ṣẹ̀sín rí: "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé eṣinṣin bà lé mi nímú!" Mo kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í gba ọrẹ títí yóò fi mú èsì bọ̀. Bí ìránṣẹ́ ni ẹ ṣe ń ka akọ̀wé sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo kọ lẹ́tà mọ́kàndínlógún sí àwọn ọmọ wa níbi iṣẹ́ reluwé. Èsì mẹ́rin ló padà. Iṣu mẹ́rin péré ni mo gbà! Rúùtù ìyàwó mi sì ń fún ọmọ lọ́mú.

Bàbá Rúùtù wá láti Ìsolò-Òpin. Kò jókòó. "Dáníẹ́lì, ṣé ìwé ni ọmọ mi yóò máa gún jẹ? Bí iṣu tuntun bá jáde tí o kò níṣẹ́ gidi, mo ń bọ̀ wá mú un lọ."

Rúùtù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù."

"Ṣé sùúrù ń kún ìkòkò ni?"

N kò sọkún. Ọjọ́ náà ni ara mi kú.

Ẹ yin Olúwa! Nígbà òjò, ilé méjì gbé ẹjọ́ ààlà oko dé kóòtù. Bàbá eṣinṣin yẹn nìkan ló mọ ààlà, ó sì ti kú. Wọ́n pè mí. Mo ka ẹ̀dà lẹ́tà tó ní kí n kọ sí ọmọ rẹ̀ nípa ààlà náà: láti ìdí àràbà dé àpáta méjì. Mo ka àwọn tó jókòó tì í. Mo ka eṣinṣin.

Ọkùnrin kan láti ilé kejì tó ń ṣẹjọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ rẹ̀, pariwo: "Òótọ́ ni! Ìṣojú mi ni eṣinṣin náà bà lé e nímú!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹjọ́ parí. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gba ìwé mi, ó wò ó títí. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní kí o wá ṣe akọ̀wé kóòtù. Oṣooṣù ni wàá máa gbowó."

Mo ní, "Kí èsì tó dé?"

"Èsì wo?"

Ẹ ṣeun, Bàbá mi ọ̀run! Rúùtù kígbe nígbà tó gbọ́. Èmi ní kó bu omi fún mi.

Iṣu tuntun jáde. Bàbá ìyàwó mi dé, iṣu mẹ́fà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níwájú mi. "Àna mi, bá mi kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n Rúùtù."

"Bàbá, èsì kò tíì dé."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́."

Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ ń lọ tí èsì kò padà, má sọ ẹ̀dà nù. Ọlọ́run ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Bí ara mi bá sọjí, n óò jó. Lónìí, ẹ bá mi jó o.